Ìlẹ̀kẹ̀ Omi Tí Mo Sá Sóòrùn

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, bí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ rín in báyìí kí ẹ rín in tán: iṣẹ́ omi ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mi ò pọn omi tà, mi ò sì gbẹ́ kànga. Omi tó mọ́ lójú, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, èmi ni mo máa ń yọ nǹkan tó wà níbẹ̀ jáde. Òjé, irin, bàbà, gbogbo ohun tí ojú kò rí tí ikùn ń rí. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ẹ̀kẹrin náà kò sì wọlé dáadáa. Síbẹ̀, àwọn tó kàwé dé ìlú òyìnbó ti jókòó lórí àpótí nídìí iṣẹ́ mi rí, wọ́n ń fi bírò kọ ohun tí mo ń sọ sílẹ̀. Adìẹ tó yé ẹyin kan ṣoṣo, ẹ máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi náà pariwo díẹ̀.

Ràfátù ni orúkọ mi, Kétu ni wọ́n sì bí mi sí. Gàrí àti èlùbọ́ ni màmá mi ń tà níbẹ̀, nígbà tí Mile 12 kò tíì di ohun tó dà lónìí. Ìdí gàrí náà ló yẹ kí n jókòó sí, àmọ́ ẹnu mi kò jẹ́. Bí oníbàárà bá ní gàrí wa kan, mo máa ní bí ojú yín ṣe kan náà ni. Lọ́jọ́ kan màmá mi pè mí.

Wọ́n ní, "Ràfá, ẹnu rẹ ń lé ènìyàn kúrò nídìí ọjà mi. Lọ kọ́ iṣẹ́ tí kò ní oníbàárà."

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi nìyẹn. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò yí ọwọ́ padà lójú títì ni, tí àwọn awakọ̀ ń sáré bọ̀ wá pàdé ara wọn bí àgbò.

Bàbá Adìgún ni wọ́n ń pe ọ̀gá mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ti ṣiṣẹ́ nídìí bọ́ílà ní iléeṣẹ́ kan l'Ápápá kí wọ́n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn lẹ́bàá títì Ìkòròdú. Omi bátìrì ni wọ́n ń ṣe fún àwọn mẹkáníìkì, láti Alápẹ̀rẹ̀ títí dé Owódé Onírin. Ẹ mọ̀ pé omi kànga kò dára fún bátìrì mọ́tò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń pa bátìrì. Iṣẹ́ ọ̀gá mi ni kí wọ́n fọ omi, àní kí wọ́n fọ omi fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní kí n jáde, kí n lọ rín in tán níta.

Ohun tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ni mo ń pè ní ìlẹ̀kẹ̀. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ó kéré ju ọkà bàbà lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, inú omi ló sì máa ń wà nígbà gbogbo.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ni nǹkan yìí gan-an?"

"Ike ni."

"Ike? Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì?"

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti se èyí nínú ásíìdì títí ìwà rẹ̀ fi yí padà. Ike lásán kò lọ́wọ́. Èyí ti ní ọwọ́. Bí omi bá ń kọjá lára rẹ̀, á na ọwọ́, á gba irin tàbí òjé tó wà nínú omi náà mú, á wá ju iyọ̀ tó dì mú tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ dípò rẹ̀."

"Ó ń ṣe pàṣípààrọ̀ bí àwọn obìnrin ọjà Kétu?"

"Ó sàn jù wọ́n lọ. Kì í ná ọjà."

Bí ọwọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà bá ti kún, kò lè mú nǹkan mọ́. A ó wá rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ tó nípọn, ọwọ́ rẹ̀ á tú, á gba iyọ̀ padà, ó tún di tuntun. Èyí tí a fi ń ṣe omi bátìrì, ásíìdì la fi ń fọ tiẹ̀. Èyí tí ènìyàn máa mu omi rẹ̀, iyọ̀ nìkan ni. Ẹni tó bá ṣi méjèèjì mú fún ara wọn nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, kó yáa wá ọ̀nà ilé rẹ̀. Omi tí a fi fọ̀ ọ́ tán, a kì í dà á sílẹ̀, inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kùn ní pupa ló ń lọ. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé òjé tó kúrò nínú omi kò kú, ó kàn kó lọ sílé mìíràn ni.

Ẹ ò rí ọ̀gá tó le tó báyìí rí. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń fọ ìgò, tí mo ń wo gílóòbù. Gílóòbù wo? Wọ́n so ṣíbí ńlá méjì pọ̀, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há a láàárín, wọ́n fa wáyà láti ara bátìrì mọ́tò dé ara ṣíbí náà pẹ̀lú gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kékeré kan. Bí wọ́n bá ki ṣíbí náà bọ omi, tí gílóòbù bá tàn, bó ti wù kó rọra tàn mọ, omi náà ṣì ní nǹkan nínú. Bí kò bá tàn rárá, ó di títà. Lọ́jọ́ kan mo fi ìka tọ́ omi tó ti yege wò nínú abọ́. Wọ́n ní kí n dà á nù.

Mo ní, "Ọ̀gá, mo wẹ̀ láàárọ̀ yìí o!"

"Ki ọwọ́ rẹ bọ̀ ọ́ dáadáa, ká jọ wò ó."

Mo ki gbogbo ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fi ń fọ ara wọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé gílóòbù yẹn ṣẹ́jú? Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé èmi náà ń tan iná.

Òfin wọn kì í sì í ní àlàyé. Bí mo bá béèrè ìdí ohun kan, wọ́n á ní, "Kọ́kọ́ ṣe é ná." Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tèmi jẹ́.

Télọ̀ kan wà l'Álápẹ̀rẹ̀, Bàbá Súlè, àwọn ló ń rán káákì ọ̀gá mi. Ẹnu tiwọn náà mú, ìdí nìyí tí àwa méjèèjì fi ń ṣọ̀rẹ́. Bí mo bá lọ gba aṣọ, wọ́n á ní, "Ràfá, ìgbà wo lo máa fọ omi títí tó máa di wàrà?" Èmi náà á ní, "Ìgbà tí ṣòkòtò yín bá dọ́gba lẹ́sẹ̀ méjèèjì ni." Ṣùgbọ́n nígbà kan, inú ń run wọ́n lemọ́lemọ́, wọn ò lè jẹun. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ọ̀tún wọn rọ láti ọrùn ọwọ́, ó sọ orí kodò bí ewé gbágùúdá lọ́sàn-án gangan. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń di sísọ́ọ̀sì mú ni o. Ọsibítù fún wọn lóògùn, wọ́n sì ní òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kí wọ́n lọ wá ibi tó ti ń wọlé.

Ọ̀gá mi ní kí n bu omi kànga ilé wọn wá. Omi náà mọ́ bí ojú ọmọ tuntun. Wọ́n mú ìgò kékeré kan tí omi inú rẹ̀ ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, wọ́n kán ẹ̀kán mẹ́ta sí i. Lójú mi báyìí, omi náà di àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì.

"Òjé nìyẹn," ni ọ̀gá mi wí.

Ẹ̀yìn ògiri ilé náà ni àwọn kan ti ń fọ́ bátìrì ògbólógbòó, tí wọ́n ń da omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ ń mu ún, kànga ń mu ún, télọ̀ náà sì ń mu ún. Ẹ̀rọ omi ìjọba kò dé àdúgbò náà nígbà yẹn, àfi kí ènìyàn pọn ún láti Kétu. Ọ̀gá mi bá gbé páìpù ike kan dúró síbi ògiri, ó ga jù mí lọ, wọ́n rọ ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi iyọ̀ fọ̀ sínú rẹ̀. A ń da omi kànga sí i lókè, ó ń jáde láti ẹnu ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀. Bí a bá kán omi olóòórùn náà sí èyí tó jáde, kì í yí padà. Wọ́n pa á láṣẹ fún gbogbo ilé pé omi páìpù yìí nìkan ni kí wọ́n máa mu. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ oníyọ̀ tí a ní, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló wọ inú páìpù yẹn.

Ó wá di ìgbà òjò. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ẹ̀gbọ́n wọn kú.

"Ràfá, mi ò ní í pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Tó bá di ọjọ́ kẹta, tú ìlẹ̀kẹ̀ ilé télọ̀ jáde, fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ṣan án, dá a padà. Má jẹ́ kí omi tán lórí rẹ̀."

"Kí ló máa ṣe é, Ọ̀gá, bí omi bá tán?"

"Kọ́kọ́ ṣe é ná."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo rọ omi tó mọ́ kún ìkòkò ilé télọ̀ kí wọ́n lè máa rí mu, mo tú ìlẹ̀kẹ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé imú sún mọ́ ọn, ó ń rùn bí èlùbọ́ tí òjò pa, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ onígàrí ni mí. Nílé wa, oòrùn ni dókítà ohunkóhun tó bá ń rùn. Èlùbọ́ bu, ẹ sá a. Ẹ̀wà ní kòkòrò, ẹ sá a. Ọmọ tọ̀ sórí tìmùtìmù, ẹ sá a. Omi tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tán lórí rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ìgbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ. Èwo ni pé inú omi ló tún máa sinmi sí, àbí ẹja ni?

Ọlọ́run sì mú oòrùn jáde lọ́jọ́ kejì, láàárín òjò. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ìdánwò ni. Mo tẹ́ ẹní síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo da ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Kí oníyọ̀ tó kù ní ṣọ́ọ̀bù má baà jowú, mo kó òun náà jáde, mo sá gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Obìnrin kan ń kọjá lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Aúńtí, èló ni kóńgò ọkà yìí?"

"Kì í ṣe ọkà, Mà. Oògùn omi ni."

"Oògùn omi! Ṣé omi náà ń ṣàìsàn ni?"

"Ó ń ṣàìsàn ju ọkọ yín lọ."

Ó ṣépè fún mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé èpè yẹn ló jà. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ ti gbẹ ṣáṣá, ó fúyẹ́, ó ń dún ṣìkìṣìkì nínú àpò, kò rùn mọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé tí ọ̀gá bá dé, wọ́n á gbàdúrà fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e dé Alápẹ̀rẹ̀. Ó ti sún kì, kò kún páìpù bó ṣe máa ń kún un, mo bá fi ti ṣọ́ọ̀bù kún un dé ẹnu, mo dé e pinpin, mo rọ omi sí i láti ihò òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún: pá, pá, papapa, bí gúgúrú nínú yanrìn gbígbóná.

Bàbá Súlè jókòó síbẹ̀, ọwọ́ wọn tó rọ wà lórí itan. Wọ́n ní, "Ràfá, omi lò ń fọ̀ ni àbí gúgúrú lò ń yan?"

"Ẹ fi í lẹ̀, Bàbá, ó ń jí lójú oorun ni."

Kò pẹ́ tó fi jí lóòótọ́. Páìpù náà kérora, ó wú níkùn, ó sì là láti òkè dé ilẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ya sí gbogbo àgbàlá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti sán sí méjì sí mẹ́rin. Adìẹ ilé sáré wá, ó ṣa ẹyọ kan, ó tu ú dànù. Adìẹ gan-an mọ̀ pé mo ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó télọ̀ wo páìpù, ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó wá wo kànga.

Ó rọra sọ ọ́. "Ṣé ká padà síbẹ̀ náà ni?"

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Mo ní, "Ẹ ò ní í padà síbẹ̀, Mà. Ẹ kó ìkòkò yín fún mi."

Títí tí ọ̀gá mi fi dé, mo ń fi orí pọn omi ẹ̀rọ láti Kétu lọ sí Alápẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn oníbátìrì ń pa mí lẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ògiri: "Aúńtí oníṣẹ́ omi ti di alápọnmi!" Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń jẹ òjé bí ẹni ń jẹ ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ti di ẹrù mi sínú àpò gàrí kan.

Ọ̀gá mi dé, wọ́n wo gbogbo rẹ̀, wọ́n pè mí.

"Kí ni mo sọ fún ẹ?"

"Ẹ ní kí omi má tán lórí rẹ̀."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo sá a, Ọ̀gá. Ó ń rùn. Ẹ ò sì sọ ìdí tí omi kò fi gbọ́dọ̀ tán."

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo ti ń wo ibi tí àpò mi wà. Ọ̀gá mi jókòó, wọ́n bọ́ fìlà.

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ onígàrí. Ẹni tó bá jẹ gàrí gbígbẹ yó, tó wá mu omi lé e, kí ló máa ń ṣe é?"

"Inú rẹ̀ á wú, Ọ̀gá. Á fẹ́ bẹ́."

"O mọ̀ ọ́n. O mọ̀ ọ́n kí o tó mọ̀ mí. O kò kàn rò ó dé ọ̀dọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ni."

Wọ́n wá bu ẹ̀kúnwọ́ àfọ́kù ìlẹ̀kẹ̀ náà sínú ife, wọ́n da omi kànga Bàbá Súlè lé e, wọ́n ń rò ó títí. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi náà, wọ́n kán omi olóòórùn sí i. Kò yí padà.

"Wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni o gé."

Ohun tó kù ni pé ìyẹ̀fun inú rẹ̀ máa dí páìpù, èyí tí kò bá sì dí i máa bá omi jáde sínú ife ènìyàn. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi máa gbé òmíràn dé Àpápá, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n lọ bá màmá mi."

"Láti máa gbé ibẹ̀?"

"Láti lọ yá kọ̀nkọ̀sọ̀."

Màmá mi gbá kọ̀nkọ̀sọ̀ èlùbọ́ wọn mọ́ àyà. "O fẹ́ fi ohun tí mo fi ń jẹun sẹ́ ike? Ràfá, ṣé orí rẹ pé?" Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ti ọwọ́ Bàbá Súlè fún wọn, wọ́n nà án sí mi, wọ́n sì tẹ̀ lé mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti màmá mi fi sẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ nínú omi. Èyí tó kù lókè kọ̀nkọ̀sọ̀ ni odindi. Èyí tó jò sínú abọ́, a ṣe é bí ẹni ń rọ omi ògì: a rò ó, a jẹ́ kí àfọ́kù rọlẹ̀, a rọra da ìyẹ̀fun tó léfòó sínú kẹ́ẹ̀gì pupa, bẹ́ẹ̀ títí omi orí rẹ̀ fi mọ́. Ọ̀gá mi jókòó tì wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. A tún fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, a wá páìpù mìíràn, a fi yanrìn tó mọ́ sí ìsàlẹ̀, odindi lé e, àfọ́kù lókè, a sì fi àyè sílẹ̀ fún un kó lè wú bó bá fẹ́.

Omi náà kò sáré. Ó ń kán tó, tó, tó, bí ẹni pé òun náà ń bẹ̀rù mi. Nígbà tó kún ife kan, gbogbo ilé ti dúró yí wa ká. Ọ̀gá mi kán ẹ̀kán mẹ́ta sí i. A dúró. Wọ́n gbé ife náà sókè sí ojú oòrùn, ó mọ́ gaara, wọ́n sì kọ́kọ́ mu ún fúnra wọn kí wọ́n tó gbé e fún Bàbá Súlè.

Nígbà tí a ń padà lọ sí Kétu, wọ́n ní, "Ràfá, mo fún ẹ ní òfin, mi ò fún ẹ ní ìdí rẹ̀. Ìdajì ẹ̀bi yẹn, tèmi ni."

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá."

"Ìdajì yòókù, oṣù mẹ́fà lo máa fi kún iṣẹ́ kíkọ́ rẹ."

Mo ṣe oṣù mẹ́fà náà pé. Lẹ́yìn náà, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi l'Ówódé Onírin, mo sì wà níbẹ̀ títí irun mi fi funfun. Mo fọ omi fún àwọn oníbátìrì, mo fọ̀ ọ́ fún àwọn tó ń fi kúróòmù pa bọ́ńpà mọ́tò lára, mo fọ̀ ọ́ fún ilé tí kànga wọn ti bàjẹ́. Ṣíbí àti gílóòbù lọ, ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ tó ń yẹ omi wò dé. Alábẹ́rẹ́ lọ, èyí tó ń kọ nọ́ńbà dé. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ń yí padà: èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ti fún un ní ọwọ́ tó ń ṣa ọ̀tá yàn, òmíràn á fi iyọ̀ àti gbogbo nǹkan sílẹ̀, òjé tàbí bàbà nìkan ni á dì mú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, mo ní ìlẹ̀kẹ̀ yìí gbọ́n ju ìyàwó ilé lọ. Mi ò bẹ̀rù tuntun kankan. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé kí ni ọwọ́ rẹ̀ ń mú, kí ni a ó fi tú ọwọ́ rẹ̀, níbo ni ohun tó tú sílẹ̀ ń lọ. Ẹni tó bá mọ mẹ́ta yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá fún un láti òṣùpá, á lò ó.

Ọmọ iṣẹ́ tí mo kọ́ pọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá dé, mo máa ń bu gàrí gbígbẹ fún un, màá ní kó jẹ ẹ́ dáadáa, màá wá fún un ní omi. Bó bá ti di ikùn mú, màá ní, "Ìdí tí omi kò fi gbọ́dọ̀ tán lórí ìlẹ̀kẹ̀ nìyẹn." Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó sá ìlẹ̀kẹ̀ sóòrùn rí. Ẹ bi wọ́n.

Mo ní aṣọ kan nínú àpótí mi. Kò gbà mí mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá sílé, mo máa fi hàn yín. Òun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi gbàdúrà ìyọnda fún mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí ọjọ́ náà ni Bàbá Súlè ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní kí n mú aṣọ wá, kí wọ́n wọ̀n mí. Mo dé ibẹ̀, mo rí sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Ọwọ́ náà ṣì ń gbọ̀n díẹ̀, àmọ́ ó ti gbé orí sókè.

Nígbà tí mo lọ gba aṣọ náà, mo ní, "Bàbá, apá òsì aṣọ yìí gùn ju ti ọ̀tún lọ o."

Wọ́n ní, "Fi omi rẹ fọ̀ ọ́, á dọ́gba."

Mo fọ̀ ọ́. Kò dọ́gba títí di òní, mi ò sì jẹ́ kí télọ̀ kankan fọwọ́ kàn án.